Etí Wáyà ní Ilé Àlùwàlá

Bàbá mi, ọkọ ìyá mi, ẹni tí kì í rẹ́rìn-ín lórí àkàbà,

Ọmọ yín mà ti lókìkí o! Mo fi ọwọ́ mi méjèèjì gbá iná mànàmáná mú ní ilé àlùwàlá mọ́sálásí wa ní Kabala Costain, mo mì ín jìgìjìgì, mo sì lé e lọ. Ó sá kúrò ní àdúgbò pátápátá. Títí dé àdúgbò Television, títí dé Makera, kò sí ibi tí wọn ò ti máa ń sọ ọ́ pé bàbá arúgbó kan wà tí iná ń bẹ̀rù.

Ó dáa. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo mọ ojú yẹn, ibi yòówù tí ẹ bá wà. Kì í ṣe Television, kì í ṣe Makera. Àwọn arúgbó ẹgbẹ́ mi tó ń jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò ló ń sọ ọ́, èmi náà ni mo sì kọ́ wọn ní bí wọn yóò ṣe máa sọ ọ́. Kì í sì í ṣe ọwọ́ méjèèjì, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni. Ìyókù ọ̀rọ̀ náà, ẹ jẹ́ kí n máa mú un bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí, Bàbá. Irọ́ pàápàá ti ń wúwo jù fún mi láti gbé.

Ẹnu á yà yín pé mo mú bírò. Ẹ̀yin lẹ mú mi kúrò níléèwé lọ́jọ́ tí mo so aago tísà mọ́ ọrùn ewúrẹ́, tí gbogbo ọmọ sì sáré jáde lọ ṣeré torí wọ́n rò pé àkókò ìsinmi ti tó. Ẹ ní bí ìwé kò bá lè mú mi jókòó, kí n wá máa gbé àkàbà tẹ̀lé yín. Ìwé kékeré tí mo rí mú kúrò níbẹ̀ náà ni mo fi ń kọ èyí. Mo rò ó pé kí n fẹnu sọ ọ́ fún alààyè, àmọ́ ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Àwọn ọmọ-ọmọ yín, Yorùbá ni mo ń bá wọn sọ, Hausa ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Kí n tó la ẹnu, wọn á ti ní, “Baba, ka cika wasa,” pé àwàdà mi ti pọ̀ jù. Ẹ̀yin nìkan lẹ kù tí ẹ kì í bá mi rẹ́rìn-ín.

Ara mi ò burú, ara mi ò dára. Orúnkún mi ń dún bí ìlẹ̀kùn ilé àtijọ́. Ilé iṣẹ́ aṣọ tí mo ti ń tún iná ṣe ní Makera ti dákẹ́, àwọn ẹ̀rọ tó máa ń pariwo débi pé a kì í gbọ́ ohùn ara wa, ewúrẹ́ ló ń sùn sí ẹnu ọ̀nà wọn báyìí. Àwọn ológun ṣì ni wọ́n ń ṣe ìjọba. Epo di ohun tí wọ́n ń tò fún láti àárọ̀, àwọn ọlọ́kadà wa á gbé alùpùpù wọn dùbúlẹ̀ sójú títì bí ẹni pé ó ń ṣàìsàn. Iná ìlú náà kò rí bíi ti ayé yín mọ́. Ó ń wá bí àlejò, ó ń lọ bí olè. Ìyá Rìsíkà, ìyàwó tí ẹ fẹ́ fún mi, jókòó sí ọ̀ọ́kán mi, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó ti bi mí pé ta ni mò ń kọ̀wé sí. Mo ní sí ìyàwó kékeré. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Ṣé ẹ ṣì máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan nǹkan níbẹ̀? Kò sí ìwà yín tó máa ń sọ sí mi lọ́kàn tó ìyẹn. Kí ẹ tó di irin kankan mú, ẹ̀yìn ọwọ́ lẹ máa kọ́kọ́ fi kàn án fẹ́rẹ́, bí ìgbà tí ìyá bá ń wo ibà lára ọmọ. Ẹ ní iná máa ń mú kí ìka ká wọnú. Bí ẹ̀yìn ọwọ́ bá kan irin tó níná, ọwọ́ á ká kúrò lára irin. Bí ó bá jẹ́ àtẹ́lẹwọ́, ọwọ́ á ká mọ́ irin, ẹni náà kò sì ní lè tú u mọ́. Nígbà tó yá, ó di ìwà lára yín. Ẹ̀yìn ọwọ́ lẹ fi ń kan ìkòkò ọbẹ̀. Ẹ̀yìn ọwọ́ lẹ fi ń ti ìlẹ̀kùn yàrá. Ẹ̀yìn ọwọ́ náà lẹ fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ìyá mi láàárọ̀ ọjọ́ tí kò jí.

Àti ọ̀rọ̀ etí wáyà. Ẹ fi í gún mi létí títí mo fi ń gbọ́ ọ lójú oorun. Wáyà ámọ́ọ̀dù, èyí tó máa ń gba abẹ́ ilẹ̀ lọ sí ìta gbangba, tí wọ́n fi òwú irin wé lára yí ká bí ẹni tó wọ ẹ̀wù ogun: ẹ ní ẹ̀wù irin yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ọ̀nà tí iná tó bá ṣìnà máa gbà padà sílẹ̀ ni. Níbi tí wáyà náà bá ti fẹ́ wọ àpótí irin, glándì onídẹ ló máa ń di ọrùn rẹ̀ mú. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ á dì í pinpin, wọn á sì máa lọ. Ẹ̀yin ò ní lọ. Ẹ máa ń ti òrùka idẹ pẹlẹbẹ kan bọ̀ ọ́ lọ́rùn, èyí tó yọ etí kan sí ẹ̀gbẹ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ òde òní ń pè é ní bánjò, ẹ̀yin ní etí ni. Ẹ ó fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà ara àpótí níbẹ̀ títí irin á fi máa dán, ẹ ó wá fi bóòtì so wáyà ẹ́ẹ̀tì láti etí yẹn mọ́ ara àpótí, kí iná tó bá ya wèrè lè rí ilẹ̀ wọ̀. Ẹ ní wáyà tí kò létí kì í gbọ́ràn. Ẹ ó wá wo èmi tí mo di ìdí àkàbà mú, ẹ ó ní, “Bíi tìẹ.”

Ẹ rántí ilé òyìnbó tó ní igi máńgòrò méjì lẹ́nu géètì? Ẹ wà lókè àkàbà, mo wà nísàlẹ̀, ọjọ́ gùn, oòrùn mú. Mo kàn di páìpù irin kan mú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo yọ ahọ́n síta, mo yí ojú sókè. Ẹ kò sọ̀ kalẹ̀, ẹ fò ni. Orúnkún yín bó. Nígbà tí ẹ rí i pé ẹ̀rín ni mò ń rín, ẹ gbá mi létí, ẹ sì gun àkàbà yín padà. Ìgbà tí a ń jẹun ni mo rí i pé ọwọ́ yín ń gbọ̀n, òkèlè sì ń bọ́ sílẹ̀. Kí lẹ rí lọ́jọ́ yẹn, Bàbá, kí ẹ tó rí ẹ̀rín mi? Gbogbo ìgbà tí ẹ fi wà láyé, n kò bi yín.

Ó yẹ kí n ti jáwọ́ láti ọjọ́ náà. N kò jáwọ́. Ẹ mọ ọmọ yín. Ẹ̀yin kú tán ni eré náà wá gbèrú. Ibi tí mo bá ti rí irin àti èrò, ọwọ́ ọ̀tún mi á di irin mú, ọwọ́ òsì á di fìlà mú kí ó má baà bọ́ sínú ekuru, torí n kì í fi fìlà ṣeré, n ó wá máa gbọ̀n, n ó sì máa fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo ẹni tó máa kọ́kọ́ kígbe. Mo ti fi dẹ́rù ba àna mi. Mo fi dẹ́rù ba ọ̀gá mi nílé iṣẹ́. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ mí sí i. Baba Mai Wasa ni àwọn Hausa ń pè mí, bàbá eléré.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti mọ́sálásí fún yín.

Òpó irin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àlùwàlá wa. Gílóòbù wà lórí rẹ̀, àpótí irin wà lára rẹ̀, inú àpótí yẹn ni súwíìṣì ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga wà. Wáyà ámọ́ọ̀dù gba abẹ́ ilẹ̀ wá síbẹ̀ láti ibi mítà, mítà sì wà nínú yàrá Alfa Sàká. Alfa yìí, ọmọ Ìlọrin ni, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní kéú tó sì ń mójú tó mọ́sálásí, ọ̀rẹ́ mi ni láti ìgbà tí irùngbọ̀n àwa méjèèjì ti dúdú. Àwọn tó ri òpó náà kò fi etí sí glándì. Wọ́n gbọ́kàn lé e pé idẹ di irin mú, irin sì kan irin. Ó ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀, bí ẹni tó fi ẹsẹ̀ kan dúró. Òpó yẹn kan náà ni àwa arúgbó máa ń dì mú tí a bá fẹ́ dìde lórí àpótí ìjókòó lẹ́yìn àlùwàlá.

Nígbà tí Iléyá ń bọ̀, Alfa ní kí a kun gbogbo nǹkan ní àwọ̀ ewé. Bàbá, ọkùnrin yìí fẹ́ràn ọ̀dà ju obìnrin lọ. Wọ́n tú glándì, wọ́n kun àpótí tinú tẹ̀yìn, wọ́n kun ojú ihò tí glándì ń jókòó sí, wọ́n kun glándì fúnra rẹ̀, ó gbẹ, wọ́n dá gbogbo rẹ̀ padà sípò. Ó ń dán yọ̀yọ̀. Ẹ̀yin ti mọ ohun tó kù: irin kò kan irin mọ́, ọ̀dà ló wà láàárín wọn. Èmi jókòó sábẹ́ dóńgóyárò ní gbogbo àsìkò yẹn, mò ń pariwo sí Alfa pé kó má gbàgbé láti kun irùngbọ̀n rẹ̀ náà. Ìyẹn ni mò ń wò. N kò wo glándì.

Òjò wá dé. Ìyá Àgbà tó máa ń gbá iwájú mọ́sálásí ló kọ́kọ́ ní òpó ń ta òun. Wọ́n ní àgbà ló dé sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn tó ń ṣe àlùwàlá ní nǹkan kan ń rìn àwọn lápá bí èèrà. Ẹnì kan ní àlùjánnú ni. Alfa bá ka àdúà sí òpó. Òpó gba àdúà, ó sì ń ta wọ́n lọ. Ni wọ́n bá ní kí wọ́n lọ pe Baba Mai Wasa, òun ló mọ̀ nípa iná.

Mo dé ní kété ṣáájú Àlásárì. Mo ti ṣe àlùwàlá tèmi, ẹsẹ̀ mi tutù, ilẹ̀ tutù. Mo fọwọ́ kan òpó. Iná gbá mi mú, mo gbọ̀n, mo bá a jà, mo já ara mi gbà, mo ṣubú sílẹ̀. Iná fúnra rẹ̀ wá bẹ̀rù mi, ó sá lọ: fáànù mọ́sálásí dúró, rédíò onígbàjámọ̀ dákẹ́. Bí mo ṣe sọ ọ́ fún àwọn ará abẹ́ igi nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ ná.

Wọ́n rẹ́rìn-ín, Bàbá. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹnì kan fi di ògiri mú. Alfa ń pàtẹ́wọ́.

“Bàbá Rìsíkà! Ti òní yìí lo ṣe dára jù! O tilẹ̀ ṣubú!”

“Ẹ má fọwọ́ kàn án,” mo wí.

“Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀! Ó ti fi ohùn gbígbọ̀n kún un.”

“Alfa, iná wà lára òpó. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́. Lọ pa súwíìṣì tó wà níbi mítà, kí iná tó dé padà.”

“Haba! Má fi Ọlọ́run ṣàwàdà nínú ọgbà Rẹ̀. Bí mo bá pa á tí iná dé tó tún lọ, níbo la ó ti rí omi? Dìde jàre, o ti rin gbogbo ara rẹ.”

Kọ́kọ́rọ́ yàrá mítà wà lọ́rùn rẹ̀, ó fi okùn so ó bí ìlẹ̀kẹ̀. Mo na ọwọ́ sí i, ó gbá ọwọ́ mi kúrò pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ní eré ti tó. Kí ni n bá ṣe? Ohun tí mo ti ń gbìn láti ọjọ́ ilé oní-máńgòrò ló hù lójú mi yìí. Iná ti lọ, òpó ti di òkú irin, wọ́n ń fọwọ́ kàn án láti fi hàn mí pé irọ́ ni mò ń pa. Ẹnì kan tilẹ̀ dì mọ́ ọn bí ìyàwó. Iná á padà, kò sì sí ẹni tó mọ ìgbà. Bí ó bá dé ní Mọ̀gàríbì, tí èrò pé síbẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tútù, tí arúgbó kan bá di òpó mú kó lè dìde, wọn yóò tún rẹ́rìn-ín tirẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀ pé ó ti kú.

Mo gba ilé lọ. Ọ̀nà tí n kì í kà sí, mo jókòó sinmi lẹ́ẹ̀kan lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù alágbẹ̀dẹ kí n tó lè parí rẹ̀. Ìyá Rìsíkà ń fẹ́ná nígbà tí mo wọlé.

“Fìlà yín dà?”

“Ó wà lọ́wọ́ mi.”

“Kí ló dé tó ń kán?”

“Ó jábọ́ sínú omi àlùwàlá.”

“Ìgbà wo?”

“Ìgbà tí mò ń gbọ̀n.”

Ó gbé abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. Ó wo fìlà, ó wo mí. Ó mú ọwọ́ ọ̀tún mi, ó yí àtẹ́lẹwọ́ sókè, ó fi àtàǹpàkò tẹ àárín rẹ̀ níbi tó ti funfun bí iṣu tí a bó. Mo ní kí n fi ọ̀rọ̀ kan pa á lẹ́rìn-ín.

“Ẹ dákẹ́,” ó ní. “Ẹ ṣáà dákẹ́.”

Ó sá fìlà sórí okùn aṣọ. Ó gbé àpótí ìjókòó tó fi ń dáná, ó dá iná ẹ̀wà dúró, ó sì jáde. Nígbà tí mo fi lé e bá, ó ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé àlùwàlá, ó na ẹsẹ̀ dí i, òpó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọkùnrin ti bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Alfa dúró níwájú rẹ̀.

“Ìyá Rìsíkà, Mọ̀gàríbì ń bọ̀. Jọ̀ọ́, dìde.”

“N kò dìde.”

“Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ wá ń ṣe eré náà báyìí?”

“Alfa, ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Láti ìgbà tí ẹ ti mọ ọkọ mi, tó ti ń gbọ̀n kiri ìgboro, fìlà rẹ̀ ha kanlẹ̀ rí?”

Alfa wo orí mi, kò sí fìlà níbẹ̀. Ó di irùngbọ̀n rẹ̀ mú.

“Ọwọ́ òsì rẹ̀ kì í kúrò lórí fìlà,” ìyàwó mi ní. “Ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́ níbi ìsìnkú bàbá ọkọ mi, pé bí òrùlé bá wó, fìlà ni ọkùnrin yìí máa kọ́kọ́ gbà là. Fìlà náà wà lórí okùn nílé, ó ń kán. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ lọ wò ó.”

“Wallahi,” Alfa ní, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, “kò jábọ́ rí.”

Ó wò mí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Alfa Sàká máa wò mí tí ẹnu rẹ̀ kò ní ṣe bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó wọ yàrá lọ, mo gbọ́ tí súwíìṣì ńlá ké gbà. Wọ́n fi búútà gbé omi lọ sí ẹ̀yìn ògiri ṣe àlùwàlá tiwọn. Ìyàwó mi kò dìde títí wọ́n fi kírun tán.

Àpótí irinṣẹ́ yín ṣì wà lábẹ́ ibùsùn mi. Mo ṣí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Òórùn yín ṣì wà níbẹ̀, gíríìsì àti obì gbígbẹ. Nísàlẹ̀ pátápátá ni mo ti rí etí idẹ kan tí ẹ fi àkísà dì, bí ẹni pé ẹ tọ́jú rẹ̀ de ẹnì kan. Ó bá ọrùn glándì náà mu. Ṣé ẹ mọ̀ pé n ó nílò rẹ̀ ni? Àbí ẹ kàn gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀? Èmi ti yan èyí tí mo fẹ́ gbà gbọ́.

A ṣí àpótí òpó, èmi àti Alfa. Níbi tí ọ̀kan nínú àwọn wáyà ti tẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ irin àpótí, rọ́bà ara rẹ̀ ti bó, bàbà pupa yọjú. Ibẹ̀ ni iná ti ń bọ́ sára àpótí, àpótí sì ń gbé e fún òpó. Bí ó bá jẹ́ pé glándì kan irin ni, iná á ti gba ẹ̀wù wáyà padà sílẹ̀, fíúùsì á ti jó, à bá sì ti mọ̀. Ọ̀dà ni kò jẹ́ kó rí ọ̀nà. Mo gé ibi tó bó, mo fi téèpù wé e, mo yọ glándì, mo fa ọ̀bẹ yín yọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ha.

“Ṣé gbogbo ibẹ̀ lo máa ha?” Alfa bi mí, bí ẹni tí wọ́n ń fá irun ọmọ rẹ̀.

“Títí á fi dán.”

“Ọ̀dà Iléyá!”

“Má bọkàn jẹ́. Irùngbọ̀n rẹ ṣì wà, òun la ó kun ní ọdún tó ń bọ̀.”

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ni n kò lè rín in dé ibì kan. Nígbà tó kan sípánà, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, bóòtì kò sì wọlé. Alfa wo ọwọ́ náà, ó gba sípánà, ó ní kí n kàn máa fi ẹnu júwe. Mo júwe, ó dì í. Etí lórí glándì, wáyà ẹ́ẹ̀tì lára etí, irin dídán kan irin dídán, òpó náà di ọ̀kan pẹ̀lú ilẹ̀. Ó ṣe mí díẹ̀ bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ wà lókè àkàbà.

Lẹ́yìn Àílà ni àwọn ọmọ kígbe ní ìgboro pé “Sun kawo!” Iná ti dé. Alfa tan súwíìṣì ńlá, ó sáré jáde, gbogbo wọn yí òpó ká, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Mo fi tẹ́sítà, irinṣẹ́ tí a fi ń yẹ iná wò, kàn án, kò tàn. Mo na ẹ̀yìn ọwọ́ mi, fẹ́rẹ́. Irin tútù ni. Alfa náà na ẹ̀yìn ọwọ́ tirẹ̀. Ìyá Àgbà fi ìgbálẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, òun náà na tirẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó máa di òpó yẹn mú kó tó kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kí i. Àwọn ọmọ kéú pàápàá ń ṣe é. Bàbá, ìwà yín ti di ìwà mọ́sálásí, ọ̀pọ̀ wọn ò sì mọ̀ yín rí.

Wọ́n ti ní kí n tún ṣe eré mi. Mo ní ó rẹ̀ mí, wọ́n rò pé mò ń ṣe yangà. Ó rẹ̀ mí lóòótọ́ ni. Bí mo bá jókòó, ọwọ́ mi á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n fúnra rẹ̀ lórí àwo oúnjẹ, Ìyá Rìsíkà á sì gbé ojú sí ibòmíràn. Mo wá mọ irú gbígbọ̀n tí mo rí lọ́wọ́ yín nígbà náà.

Ìwé ń tán lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

N kò já ara mi gbà. Tẹ́sítà wà nínú àpò mi lọ́jọ́ yẹn, n kò yọ ọ́. Mo rí i pé èrò pé, Alfa sì ti ń rẹ́rìn-ín de mi, mo ní kí n dá wọn lára yá kí n tó ṣiṣẹ́. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ di òpó mú láti ṣe eré mi. Ọwọ́ kò tú mọ́. Ọwọ́ òsì mi kò lè gbéra dé ibi fìlà. Mò ń rí eyín wọn bí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín, n kò lè kígbe. “Bàbá” ni mo fẹ́ pè, ahọ́n mi kò gbé e. Ni àwọn oníná bá mú iná lọ, bí wọ́n ṣe máa ń mú un lọ, láìmọ̀ pé mo wà láyé. Ìgbà yẹn ni ọwọ́ mi tú, tí mo ṣubú. Gbogbo ìgboro kígbe “Sun ɗauke!” pé wọ́n ti mú un lọ, wọ́n ń bú àwọn oníná tìyá tìyá. Èmi dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀ àlùwàlá, mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Èmi ni, aláìlétí yín, tó wá gbọ́ràn nígbà tí kò sí ẹ̀yin mọ́ láti gbá a létí. Mo fẹ́ràn yín, Bàbá mi.